Rédíò Tí Kọ̀ǹpútà Kò Dá Mọ̀: Ẹ Má Tíì Pè É Ní Òkú

Àwọn àgbà tó dàgbà sí Ìbàdàn láyé ìjọba amúnisìn kò jẹ́ gbàgbé àpótí kékeré kan tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri pálọ̀. Rediffusion ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwọn baba wa wò ó títí, wọ́n rí i pé láti àárọ̀ títí di alẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ tí kò sì gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n bá sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọdún 1939 ni ètò náà dé Ìbàdàn. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀, ohun tí ilé-iṣẹ́ náà bá sì fi ránṣẹ́ nìkan ni onílé lè gbọ́. Bí kò bá wù ú, kí ó pa á.

Ayé ti yí. Lónìí, ọ̀dọ́ kan ní abúlé tó wà lẹ́bàá Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà lè mú ohun èlò kan tí kò tóbi ju fìláàṣì tí a fi ń tọ́jú fáìlì lọ, kí ó fi í sí ihò USB láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kí ó sì rí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn tí wọ́n tò sójú kọ̀ǹpútà bí ilé tó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Rédíò tí sọ́fítíwíà ń darí ni. SDR ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é ní kúkúrú.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe ní ìhà Ìyànà-Ọ̀fà. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń mú wá nípa ohun èlò yìí, ọ̀kan ló wọ́pọ̀ jù lọ: “Ẹ̀gbọ́n, mo fi í sí ara kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n.” Kí n tó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ìdájọ́ ti tẹ̀lé e: “Ó ti kú. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.” Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà kò kú, kọ̀ǹpútà sì ti rí i. Orúkọ mìíràn ni kọ̀ǹpútà fún un. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kò ní ju owó rẹ̀ sínú ìgbẹ́.

Ibi tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀

Nínú rédíò àtijọ́, irin, wáyà àti àwọn ègé inú rẹ̀ ló ń yan ohun tí a fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ ti SDR kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ń gba ìgbì rédíò láti ara áńtẹ́nà, ó ń sọ ìgbì náà di òǹkà, ó sì ń da òǹkà yìí sínú kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà inú kọ̀ǹpútà ló ń sọ òǹkà náà di orin, ìròyìn tàbí àwòrán. Bí a bá yí sọ́fítíwíà padà, ẹ̀rọ kan náà á di ohun mìíràn.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí owó rẹ̀ kò sì ga, ni RTL-SDR. Wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ yìí níbẹ̀rẹ̀. Chip kan tó ń jẹ́ RTL2832U, láti ilé-iṣẹ́ Realtek ní Taiwan, ló wà nínú rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe chip náà ni kí àwọn ènìyàn lè máa wo tẹlifíṣọ̀n onílànà DVB-T lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2012, Antti Palosaari, ọmọ ilẹ̀ Finland tó ń kọ sọ́fítíwíà fún Linux, ṣàkíyèsí pé chip náà lè da òǹkà ìgbì sílẹ̀ ní tútù, láì tíì sè é di àwòrán tẹlifíṣọ̀n. Àwọn olùkọ sọ́fítíwíà tó wà nínú ẹgbẹ́ Osmocom wá kọ ètò tó sọ ohun èlò tẹlifíṣọ̀n yìí di rédíò tí ẹnikẹ́ni lè lò. Èyí tí wọ́n fi R820T2 sí nínú lè gbọ́ ìgbì láti nǹkan bí 24 mẹ́gáháàsì títí dé nǹkan bí 1,766.

Ẹ di ìtàn yìí mú, nítorí inú rẹ̀ ni gbòǹgbò wàhálà wà. Ẹ̀yin ra rédíò, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yín rí ohun èlò tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń hùwà sí i bí ohun èlò tẹlifíṣọ̀n. Nílẹ̀ wa níbí, kò tilẹ̀ wúlò fún tẹlifíṣọ̀n náà, nítorí ìlànà DVB-T2 ni Nàìjíríà ń lò, chip yìí kò sì gbọ́ èdè yẹn.

Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí rédíò, iṣẹ́ pọ̀ fún un ní agbègbè wa. Amúlùdùn 99.1 wà ní Mọ́níyà, ní Akínyẹlé. Premier 93.5 àti Splash 105.5 wà nínú Ìbàdàn. Pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn wà ní Alákìá, ní Ẹgbẹ́dá, àwọn bàálù tó ń gba ojú ọ̀run wa kọjá sì máa ń fi orúkọ, gíga àti ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ lórí 1,090 mẹ́gáháàsì. Sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tún ń kọjá lórí oko wa lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì yìí ló gbé mi dé abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn.

Owó póńpù

Àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ń gbé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ní abúlé náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Ó ti parí OND nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, ó ń dúró de HND. Lọ́dún tó ṣáájú, bàbá rẹ̀ gbin àgbàdo sí òjò àkọ́kọ́. Òjò náà rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dáwọ́ dúró, ọ̀dá sì pa èyí tó hù. Nígbà tí ọmọ wá sọ pé ẹ̀rọ kan wà tí òun lè fi gba àwòrán ìkùukùu látinú sátẹ́láìtì láì san owó fún ẹnikẹ́ni, bàbá yá a ní owó tó ti yà sọ́tọ̀ fún póńpù tuntun tí wọ́n fi ń fín oògùn sí oko.

Ẹ̀rọ dé. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 7 péré ni ẹni tó tà á fi sílẹ̀ fún ìdápadà, yóò sì yọ owó lára rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún ni ọmọ náà pè mí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá rẹ̀ gba fóònù.

“Ìwọ tí o máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe,” ni Bàbá wí, “ẹ̀rọ tí a rà wọlé tí kò lè sọ orúkọ ara rẹ̀ fún onílé, kí ni a fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó dá a padà. Mo ń bọ̀ lọ́la.”

Ohun tí mo fi ẹnu ṣẹ̀fẹ̀ lé lójú ọ̀nà ni pé Bàbá ti sọ òótọ́ ibẹ̀ láì mọ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé kọ̀ǹpútà tilẹ̀ rí i?

“Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n” lè túmọ̀ sí ohun méjì tó jìnnà síra. Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò rí nǹkan kan rárá, ó sì lè jẹ́ pé ó rí i ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ìwòsàn àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan sọ́fítíwíà kankan kí ẹ tó mọ èyí tó ń ṣe yín.

Bí Windows ni ẹ ń lò, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ àmì Start, kí ẹ ṣí Device Manager. Ẹ jẹ́ kí ojúewé náà wà ní ṣíṣí, kí ẹ wá yọ ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì tún fi í sí i. Ẹ máa wo ohun tó yí padà. Ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó mira rárá: kò sí ìró, àkọsílẹ̀ ibẹ̀ kò yí. A jẹ́ pé iná kò dé inú ẹ̀rọ, tàbí ihò USB náà kò ṣiṣẹ́, tàbí ẹ̀rọ ti kú.

Ó lè jẹ́ pé àkọlé “Unknown USB Device (Device Descriptor Request Failed)” yọ, tí àmì òfeefèé sì wà lára rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń sọ pé ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, òun bi í pé ta ni, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ ìdáhùn tó yéni. Wáyà, ihò tàbí agbára iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, sọ́fítíwíà kì í wo èyí sàn.

Ó sì lè jẹ́ pé orúkọ bí “Bulk-In, Interface” tàbí “RTL2838UHIDIR” ni ẹ rí. Ẹ dúpẹ́. Ẹ̀rọ náà wà láàyè, ó sì ti dáhùn. Orúkọ nìkan ló kù.

Ní Lálúpọn, ìkejì la rí: Unknown USB Device. Ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí àbúrò mi dáwọ́ dúró, nítorí ó ti ń múra láti pa gbogbo Windows rẹ́ kí ó tún un fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ì bá gba odidi ọjọ́ àti epo jẹnẹrétọ̀, àìsàn náà kò sì ní kúrò lójú kan.

Ọ̀nà tí iná ń gbà débẹ̀

RTL-SDR máa ń fa iná tó tó nǹkan bí 300 mílíáḿpù. Ihò USB 2.0 lásán lè pèsè 500. Bí ó bá dá wà ní ihò kan, ó tó o. Ṣùgbọ́n ihò méjì péré ló wà lára láptọ́ọ̀pù àbúrò mi, ọ̀kan sì ti bàjẹ́. Ó ra hub, ìyẹn ohun tí a fi ń sọ ihò kan di mẹ́rin, tí kò ní wáyà iná tirẹ̀. Ara hub yìí ni máòsì wà. Ibẹ̀ ni fóònù tó ń fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gba chárjì. Ibẹ̀ náà ni ó fi rédíò sí. Ẹnu mẹ́ta ń mu omi nínú igbá kan, igbá ọ̀hún kò sì tóbi.

Ohun tí a ṣe kò gba ìṣẹ́jú kan. A yọ hub náà kúrò, a sì fi rédíò sí ihò tó dára lójúkojú. Àkọlé Unknown USB Device parẹ́. Orúkọ tuntun yọ: Bulk-In, Interface.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí fún ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbi tí iná ìjọba kì í ti í dúró. Ẹ fi ẹ̀rọ náà sí ara kọ̀ǹpútà lójúkojú kí ẹ tó gbìyànjú hub tàbí wáyà ìfàgùn. Ẹ dán gbogbo ihò tó wà lára rẹ̀ wò. Bí ẹ bá nílò wáyà ìfàgùn, kí ó kúrú, kí ó sì jẹ́ èyí tó ń gbé fáìlì kọjá, nítorí wáyà mìíràn wà tó jẹ́ pé chárjì nìkan ló lè gbé. Bí hub bá pọn dandan, ẹ wá èyí tó ní iná tirẹ̀. Ẹ nu ẹnu ihò náà pẹ̀lú, nítorí eruku ọ̀nà oko máa ń wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rù bí ẹ̀rọ náà bá gbóná lọ́wọ́: bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí bí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún un

Kì í ṣe ojú lásán ni kọ̀ǹpútà fi ń dá ohun èlò mọ̀. Gbogbo ohun tó bá wọlé látinú USB ló ń gbé nọ́ńbà méjì dání, bí ẹní gbé orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ. Ti ọ̀pọ̀ RTL-SDR ni 0BDA àti 2838. 0BDA ni orúkọ ìdílé Realtek, 2838 sì ni ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ti rí nọ́ńbà yìí, ó máa ń wá dírẹ́bà tó bá a mu.

Dírẹ́bà yìí kì í ṣe ti ọkọ̀, àmọ́ iṣẹ́ wọn jọra. Mọ́tò lè dára láti táyà dé ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ bí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kò bá mọ̀ ju ọ̀nà Ìwó lọ, ẹ kò lè fi dé Ọ̀yọ́. Dírẹ́bà tí Windows máa ń fún ohun èlò yìí, ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n ló mọ̀. Sọ́fítíwíà rédíò á pè é títí, kò ní dáhùn. A ní láti sọ ọ́ kalẹ̀ kí a fi òmíràn tó ń jẹ́ WinUSB rọ́pò rẹ̀.

Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Zadig la fi ń ṣe é. Fáìlì náà kéré débi pé ìdí igi mángòrò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń wọlé ní abúlé náà ni a ti fi fóònù fà á wọlé. Bí a ṣe ṣe é nìyí. A fi rédíò sí ara kọ̀ǹpútà. A fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ Zadig, a yan Run as administrator. A lọ sí Options, a yan List All Devices. Nínú àwọn orúkọ tó jáde, a mú “Bulk-In, Interface (Interface 0)”. A wò ó pé 0BDA àti 2838 ni nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. A rí i dájú pé WinUSB ló wà lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà la tẹ Replace Driver.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú níbi nọ́ńbà yẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan List All Devices, máòsì yín, kíbọ́ọ̀dù yín àti kámẹ́rà yín wà nínú àkọsílẹ̀ kan náà. Bí ẹ bá fi WinUSB rọ́pò dírẹ́bà máòsì, máòsì náà á kú mọ́ yín lọ́wọ́ títí ẹ óò fi dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ẹ ka nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń da ọ̀pọ̀ lọ́kàn rú. Ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lónìí, kí ó má ṣiṣẹ́ lọ́la nítorí pé ẹ fi í sí ihò mìíràn. Windows lè ka ihò tuntun sí àlejò tuntun, kí ó tún fún un ní dírẹ́bà tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kàn tún Zadig ṣe lórí ihò yẹn.

Fún ẹ̀yin tó ń lo Linux

Ní ọ̀dọ̀ tiyín, àṣẹ “lsusb” ló ń fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà rí i. Bí 0bda:2838 bá wà nínú èsì, ẹ̀rọ ti wọlé. Ẹ wá lo “rtl_test”. Bí ó bá dáhùn pé “usb_claim_interface error -6”, ẹlòmíràn ti gba ẹ̀rọ náà mọ́ra. Lọ́pọ̀ ìgbà, dírẹ́bà tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú Linux fúnra rẹ̀, dvb_usb_rtl28xxu, ni ẹni náà. Ẹ kọ ìlà kan, “blacklist dvb_usb_rtl28xxu”, sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .conf nínú àpò /etc/modprobe.d, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tún un tàn.

Bí ó bá jẹ́ “usb_open error -3” ni ẹ rí, ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ẹ̀rọ dára, dírẹ́bà dára, ṣùgbọ́n wọn kò tíì fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo kọ̀ǹpútà láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Fáìlì rtl-sdr.rules tó máa ń bá sọ́fítíwíà náà wá ló ń yanjú rẹ̀. Ó yẹ kí ó wà nínú /etc/udev/rules.d.

Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n tán, tí ariwo kò sì jáde

Ìgbà mìíràn wà tí kọ̀ǹpútà ti mọ rédíò, síbẹ̀ tí olówó rẹ̀ ṣì ń pariwo pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá sọ́fítíwíà méjì ni ẹ ṣí lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan ṣoṣo ni RTL-SDR ń dá lóhùn. Bí èyí tó ń tọpa bàálù bá ti gbà á, èyí tí ẹ fi ń gbọ́ rédíò á ní òun kò rí nǹkan kan.

Ìkejì, ẹ wo irú èyí tí ẹ rà. RTL-SDR Blog V4 tó jáde ní 2023 ń lo ègé mìíràn nínú, R828D, ó sì nílò dírẹ́bà tuntun tirẹ̀. Pẹ̀lú dírẹ́bà àtijọ́, kọ̀ǹpútà lè rí i kedere, kí ó má sì gbọ́ ohun tó yẹ kí ó gbọ́.

Ìkẹta kan àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ló ń ní kí ẹ wá NOAA 15, 18 tàbí 19 lójú ọ̀run. Ọdún 2025 ni Amẹ́ríkà pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ lè jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ kò ní gbọ́ wọn, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn ẹ̀rọ yín. Meteor-M ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni kí ẹ máa wá, ní àyíká 137.9 mẹ́gáháàsì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dán ẹ̀rọ wò ni rédíò FM, nítorí ìgbì rẹ̀ lágbára. Ní Lálúpọn, a ṣí sọ́fítíwíà, a kọ 99.1 sí i, a sì yan WFM tó jẹ́ ti FM ńlá. Ohùn Amúlùdùn jáde láti Mọ́níyà. Àbúrò mi pariwo pe bàbá rẹ̀. Bàbá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó dúró, ó fetí sí i.

“Rédíò ni mo ń gbọ́ yìí,” ni Bàbá wí. “Rédíò wà nílé tẹ́lẹ̀. Òjò tí ẹ sọ dà?”

Òjò tí Bàbá béèrè

Ìbéèrè náà tọ́, irọ́ kò sì yẹ kí ó jẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwòrán sátẹ́láìtì lè fi hàn wá ibi tí ìkùukùu ńlá wà ní wákàtí tó kọjá lórí wa. Kò lè sọ pé òjò yóò rọ̀ sí oko rẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kò sì lè sọ pé òjò àkọ́kọ́ kò ní tan àgbàdo jẹ. Ìyẹn kọjá agbára ohun èlò USB. Àjọ NiMet máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí. Ẹni tó ní àwòrán ìkùukùu nílé kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ kọ etí ikún sí ìyẹn.

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ọmọ òun lè máa kà á, kí ó sì máa fi wé ohun tí ojú òun ń rí lójú ọ̀run, kò burú. Ó fi kún un pé owó póńpù kò yẹ̀: bí wọ́n bá ta àgbàdo tútù, ọmọ ni yóò san án. Ọmọ gbà. Wọn kò dá ẹ̀rọ náà padà.

Áńtẹ́nà tó bá a wá kò dára tó fún sátẹ́láìtì. Àbúrò mi gé wáyà bàbà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 53, ó tẹ́ wọn sórí pákó kan bí lẹ́tà V tó là dáadáa, pẹ̀lú ìgun 120 láàárín wọn, ó sì gbé e sí àárín àgbàlá níbi tí igi kò ti dí ojú ọ̀run. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Apá kan rẹ̀ já, ṣùgbọ́n etíkun Gínì hàn kedere nínú rẹ̀, ìkùukùu sì wà lórí òkun. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Bàbá béèrè èwo ni Lálúpọn.

Ìgbà tó kú lóòótọ́

Kò yẹ kí n tan yín jẹ. Ẹ̀rọ máa ń kú. Òmíràn ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ yín. Àrá tó sán nítòsí áńtẹ́nà tó wà níta lè pa á, nítorí náà ẹ tú áńtẹ́nà kúrò lára rẹ̀ bí òjò bá ti ń ṣú. Bí ẹ bá ti fi í sí ihò mẹ́ta lójúkojú, láìsí hub, láìsí wáyà ìfàgùn, tí kọ̀ǹpútà mìíràn kò sì rí i, tí ohun mìíràn tí ẹ fi sí ihò kan náà sì ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé ó ti tán. Nígbà náà, ẹ dá a padà pẹ̀lú ìgboyà, nítorí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín.

Ohun tí kò dára ni kí a sọ ìdájọ́ yìí lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ní agbègbè wa, owó tí a fi ń ra irú nǹkan báyìí kì í dá nìkan jáde. Ara owó oko ni, tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́, tàbí àjọ tí ìyá dá. Bí ọmọ bá tètè sọ pé ẹ̀rọ ti kú, ìgbà mìíràn tó bá tún bẹ àwọn òbí fún owó ìmọ̀, ìlẹ̀kùn lè ti.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé ni kí ẹ dán an wò, nígbà tí ọjọ́ ìdápadà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Kí ẹ tó pe ẹni tó tà á tàbí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: irú Windows tàbí Linux tí ẹ ń lò, ọ̀rọ̀ tí Device Manager tàbí lsusb sọ gan-an, láì yọ lẹ́tà kan kúrò, ihò tí ẹ fi í sí àti ohun mìíràn tó wà lára kọ̀ǹpútà nígbà náà, àti ohun tí ẹ ti gbìyànjú. Ẹni tó bá pè mí pẹ̀lú mẹ́rin yìí, orí fóònù la máa ń parí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá ní “kò mọ̀ ọ́n” nìkan, a óò san owó ọkọ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé etí ni RTL-SDR, kì í ṣe ẹnu. Ó ń gbọ́, kò lè fọhùn sójú afẹ́fẹ́. Bí ó bá wù yín láti fi ẹ̀rọ mìíràn fọhùn lọ́jọ́ iwájú, ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun ìdákọ́ńkọ́ tí ẹ bá sì gbọ́ ní ojú afẹ́fẹ́, ẹ má gbé e kiri.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pe ti ìgbà wọn, nítorí kò sí bí wọ́n ṣe lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín lónìí máa ń dáhùn, bí ẹ bá fi orúkọ rẹ̀ gan-an pè é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara ihò USB, ẹ wá sí ara nọ́ńbà, ẹ parí sí ara dírẹ́bà. Kí ẹ tó dé ìdí kẹta yìí, ẹ má pe ẹ̀rọ kankan ní òkú.